Ta Ni Ó Sọ Ọ́ Ní Fòníkú-Fọ̀ladìde?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Wọ́n tún ní orúkọ a máa ro ọmọ. Bí orúkọ bá lè ro ọmọ tí a fi ayọ̀ bí, ǹjẹ́ kò yẹ kí a bi ara wa léèrè ohun tí orúkọ àìsàn ń ṣe fún ẹni tí àìsàn náà ń bá gbé? Ìbéèrè yìí ni mo gbé wá sínú ìwé ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé ni yóò máa retí àròkọ lórí oríkì, lórí ẹsẹ Ifá tàbí lórí gírámà, nítorí pé ohun tí a mọ àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá mọ́ nìyẹn. Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ èdè náà ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n inú ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí, SS ni jẹ́nótáìpù mi. Àìsàn tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde ni a bí mọ́ mi. Ìsọlọ̀ ni ilé wa wà. Lọ́jọ́ tí a bá ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́, n óò wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣòdì, n óò gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ kọjá sí òdì kejì títì, kí n tó tún wọ ọkọ̀ mìíràn tí ń lọ sí Yábàá. Òṣòdì ti yàtọ̀ sí ti àtijọ́ lóòótọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2009 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kó àwọn ìsọ̀ tí ó dí ojú títì kúrò, nígbà tí ó sì di ọdún 2019, wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ńláńlá mẹ́ta síbẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò kò dín, àtẹ̀gùn kò sì dín. Ẹni tí ó bá dúró ní àárín àtẹ̀gùn Òṣòdì láti di orúnkún mú, àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò bi í bóyá òun ni ó ni afárá.

N kò lè gbàgbé òru ọjọ́ kan nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá. Òjò ti rọ̀ láti ọ̀sán, àgbàrá sì kún ojú ọ̀nà wa. Mo fi ẹsẹ̀ lásán wọ́ inú omi náà bọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ọmọ àdúgbò ti ṣe. Ní nǹkan bí agogo méjì òru, ìrora jí mi. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ojúgun, ó gun orúnkún, ó dé itan. Mo ké tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ará ilé fi jí. Ìyá àgbà kan tí a jọ ń gbé ilé náà ní, "Pajápajá ni. Ẹ gbé e dìde, kí ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ dáadáa, yóò lọ." Àwọn ará ilé gbé mi dìde, mo ṣubú. Wọ́n tún gbé mi dìde, mo tún ṣubú. Màmá mi mọ ohun tí ó ń ṣe mí, nítorí pé láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọwọ́ ni dókítà ti sọ ọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n níwájú gbogbo àwọn tí ó kún yàrá wa lóru ọjọ́ náà, ohun tí Màmá sọ ni pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Pajápajá ni." Ìgbà tí àwọn ènìyàn túká tán ni Màmá tó gbé omi kaná, tí wọ́n fi òrí pa mí lẹ́sẹ̀, tí wọ́n fi aṣọ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wé e, tí wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ mi lé itan ara wọn títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ ni a gba ilé ìwòsàn lọ.

Ó tó ọdún mélòó kan kí n tó láyà láti bi Màmá léèrè ìdí tí wọ́n fi gbà pé pajápajá ni. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Bí mo bá pe orúkọ rẹ̀ létí wọn, òkú ni wọn yóò máa wò nínú rẹ." Ẹ̀yin òǹkàwé mi, gbólóhùn yẹn ni ó bí àròkọ yìí.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n ya nǹkan méjì yìí sọ́tọ̀. Kò sí ẹni tí pajápajá kò lè mú. Ó ń mú eléré ìje, ó ń mú aláboyún, ó ń mú ẹni tí ó jókòó pẹ́ lórí àga líle. Iṣan ni ó máa ń sún kì, tí yóò le bí okùn tí a fà. Bí a bá na ẹsẹ̀, tí a fi ọwọ́ ra á, tí a sì dìde rìn díẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan yóò tú ká. Àwa tí a jẹ́ SS náà, pajápajá ń mú wa bí ó ti ń mú ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n èyí tí ó mú mi lóru ọjọ́ yẹn, inú eegun ni ó wà. Nínà ẹsẹ̀ kò lè lé e lọ, bẹ́ẹ̀ ni fífi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ kò ní kí ó má pọ̀ sí i. Ó lè gba wákàtí, ó lè gba ọjọ́ márùn-ún. Òun ni àwa àti àwọn dókítà ń pè ní kíráísì.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Nínú ẹ̀jẹ̀ ni àwọn hóró pupa wà, tí wọ́n ń gbé atẹ́gùn tí a fà símú kiri ara. Ti ẹni tí ara rẹ̀ pé rí rìbìtì, ó sì rọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè ká ara rẹ̀ kò kọjá nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó tín-ín-rín jù lọ. Tiwa, bí ó bá ti já ẹrù atẹ́gùn rẹ̀ sílẹ̀ tán, a máa le, a sì máa tẹ̀ bí dòjé tí àgbẹ̀ fi ń gé koríko. Dòjé kan kọ́ dòjé kejì, kẹta kọ́ wọn, ọ̀nà di. Ẹni tí ó bá ti rí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òṣòdì lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí dánfó kan dábùú, tí ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ sì tò sẹ́yìn rẹ̀, ti rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ojúgun mi. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ni ó ń pariwo. Yàtọ̀ sí èyí, hóró ẹ̀jẹ̀ tí ó pé a máa lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kí ó tó kú. Tiwa kì í ju ọjọ́ mẹ́wàá sí ogún lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi í tó wa lára, tí ó sì máa ń tètè rẹ̀ wá.

Ní ọdún 1910 ni dókítà Amẹ́ríkà kan, James Herrick, kọ ìwé nípa hóró ẹ̀jẹ̀ tí ó tẹ̀ bẹ́ẹ̀, èyí tí a rí lára Walter Clement Noel, ọmọ erékùṣù Grenada tí ó wá kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú eyín ní Chicago. Akẹ́kọ̀ọ́ bí tiwa ni. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi hàn pé inú èròjà pupa tí ń gbé atẹ́gùn náà gan-an ni àbùkù wà. Ẹ wá wò ó: àìsàn tí ó ti wà lára àwọn baba ńlá wa láti ayébáyé, ọdún 1910 ni a tó kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìṣègùn òyìnbó. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé wa ti fún un lórúkọ tipẹ́.

Orúkọ tí a fún un ni mo wá bá jà. Fi òní kú, fi ọ̀la dìde. Àwa tí a ń kọ́ nípa èdè mọ̀ pé kò sí gbólóhùn tí kò ní ẹni tí ó sọ ọ́. Ta ni ó sọ èyí? Dájúdájú, kì í ṣe ẹni tí ẹsẹ̀ ń ro. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń ro kò mọ̀ pé òun kú lónìí. Ohun tí ó mọ̀ ni pé òun wà láàyè, òun sì ń jẹ gbogbo ìrora náà láìku ẹyọ kan. Ẹni tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, tí ó ń wòran, ni ó sọ ọ́ lórúkọ. Ó wò ó lánàá, ó rí i bí òkú. Ó wò ó lónìí, ó rí i tí ó ń rìn. Ó ya òlùwòran lẹ́nu, ó sì fi ìyanu tirẹ̀ sọ àìsàn ẹlòmíràn. Kò sí ẹni tí ó bi aláìsàn.

Ẹnìkan lè ní, "Kí ni orúkọ fẹ́ ṣe fún ènìyàn? Ṣé orúkọ ni ń fa ìrora ni?" Rárá o. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ibi mẹ́ta ni mo ti rí ọfà orúkọ yìí.

Èkíní ni ìpamọ́. Ikú ni ó ṣáájú nínú orúkọ náà, nítorí náà ìyá tí ó bá bí ọmọ SS a máa fi í pa mọ́ fún alábàágbé, fún olùkọ́, nígbà mìíràn fún àwọn ẹbí ọkọ pàápàá. Bẹ́ẹ̀ ni Màmá mi ṣe fi irọ́ pajápajá bò mí lórí, tí wọ́n sì jẹ́ kí a gbé mi dìde lẹ́ẹ̀mejì lórí ẹsẹ̀ tí kò yẹ kí a tẹ̀. N kò bínú sí wọn. Orúkọ yẹn ni ó dí wọn lẹ́nu.

Èkejì ni ìfura. Bí àìsàn bá jẹ́ èyí tí ń pa ni lónìí tí ènìyàn sì ń dìde lọ́la, kí ni yóò jẹ́ kí a gbà á gbọ́ lọ́tunla? Ní ọdún tí ó kọjá, mo pàdánù ìdánwò kékeré kan nítorí pé ìrora dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí mo padà dé, mo kí olùkọ́ náà, mo ṣàlàyé. Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n ní, "Ṣebí ìwọ náà ni mo rí lọ́jọ́ Ajé tí o ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ igi?" Òótọ́ ni. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo dùbúlẹ̀. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. N kò sì ní tan yín: nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pé n kò kàwé fún ìdánwò ìṣirò. Mo di ẹsẹ̀ mú, mo ní ó ti dé. Wọ́n dá mi padà sílé, mo sùn. Títí di òní ni ojú ń tì mí, nítorí pé mo mọ̀ pé irú irọ́ kan bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn fi ń wọn ọgọ́rùn-ún òótọ́ wa. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá parọ́ orí fífọ́, a kì í tìtorí rẹ̀ sọ pé kò sí orí fífọ́ láyé.

Ẹ̀kẹta ni ó burú jù, òun ni ìdúródọ̀la. Orúkọ náà ti sọ fún wa pé yóò dìde lọ́la. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a dúró de ọ̀la. Ní ilé kan tí kò jìnnà sí tiwa ní Ìsọlọ̀, ọmọdébìnrin kan wà tí kò tíì pé ọdún kan nígbà náà. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kan òun. Èyí ni ọ̀nà tí àìsàn yìí máa ń gbà kọ́kọ́ yọjú lára ọmọ ọwọ́. Àwọn kan ní òtútù ni, àwọn kan ní eyín ni ó fẹ́ hù. Ẹnìkan tí ó fura sí òótọ́ ní, "Bí ó bá jẹ́ fòníkú-fọ̀ladìde ni, ẹ má fòyà, yóò dìde lọ́la." Ọ̀la dé, ibà dé pẹ̀lú rẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni Màmá mi tó gbọ́. Màmá kò bi ẹnikẹ́ni; wọ́n gbé ọmọ náà pọ̀n, wọ́n ní kí ìyá rẹ̀ máa bọ̀ lẹ́yìn, ó di ilé ìwòsàn. Dókítà ní bí ó bá jẹ́ ọjọ́ kejì sí i ni, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀, nítorí pé ara ọmọ SS kì í lè bá kòkòrò àrùn jà bí ti ọmọ mìíràn, ibà sì lè gbé e lọ láàárín wákàtí díẹ̀. Lónìí ọmọ náà ti ń lọ sí jéléósinmi. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tí ó ń fi ọwọ́ ra pajápajá nígbà tí ibà ń jó ọmọ, làpálàpá ni ó ń pa.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ wà ní kíláàsì bá mi jiyàn. Ó ní orúkọ náà ní ìrètí nínú, nítorí pé "dìde" ni ó gbẹ̀yìn rẹ̀, ikú kọ́. Mo gbà pé àríyànjiyàn gidi ni. Ṣùgbọ́n mo bi í pé: ta ni ó gbé ẹni náà dìde? Orúkọ náà mú un dà bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ni ó jí dìde bí òòrùn ti ń là. Kò sọ ti omi tí a mu, ti oògùn tí a lò, ti ẹ̀jẹ̀ tí a gbà, ti ìyá tí ó gbé ẹsẹ̀ ọmọ lé itan títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọ̀pọ̀ ni kò sì dìde, nítorí pé a dúró de ọ̀la.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wa. Dókítà kan wà, ọmọ ilẹ̀ Gánà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Felix Konotey-Ahulu. Nínú ìdílé tirẹ̀ gan-an ni àìsàn yìí wà, ó sì tọpa rẹ̀ láti ìran dé ìran títí dé ọdún 1670. Ó ṣàkójọ orúkọ tí àwọn ẹ̀yà ilẹ̀ náà ń pe àìsàn yìí kí òyìnbó tó kọ ọ́ sínú ìwé. Àwọn Ga ń pè é ní chwechweechwe, àwọn Ewe ń pè é ní nuidudui, àwọn Fante ní nwiiwii, àwọn Twi ní ahotutuo. Ẹ fi etí sí wọn. Ẹ ò rí i pé ìró ni wọ́n, tí a sì ń tún ìró náà pè, bí ìgbà tí nǹkan ń jẹ eegun láìsinmi? Ẹni tí ó sọ àìsàn náà lórúkọ níbẹ̀ ti jókòó ti aláìsàn, ó ti gbọ́ bí ó ṣe ń kérora. Wọ́n fi ìrora sọ ọ́. Àwa fi ikú sọ ọ́.

Kì í sì í ṣe pé èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ ìrora. Pajápajá fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ àpètúnpè tí ó jọ ohun tí ó ń sọ ni. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀-ìṣe wa: orí ń fọ́, eyín ń ro, inú ń run, ẹ̀gbẹ́ ń gún, egbò ń ta, iṣan ń fà. A kì í fi ọ̀kan pe èkejì. Ọrọ̀ tí Olódùmarè fi jíǹkí wa ni èyí, ó sì wúlò lójú àìsàn ju bí a ti rò lọ. Nígbà tí ọmọ bá ké lóru, kí a má sáré sọ pé pajápajá ni. Kí a bi í pé, "Ṣé ó ń fà ọ́ ni, àbí ó ń ro ọ́?" Iṣan ní í fà, eegun ní í ro. Bí ó bá ń fà, tí ó sì tú ká nígbà tí a na ẹsẹ̀, kí a dúpẹ́. Bí ó bá ń ro, tí ó ń gún, tí kò lọ, kí a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti òrí. Bí kò bá sì dá wa lójú, ilé ìwòsàn ni kí a kọrí sí. Ní tèmi o, mo dábàá pé kí a máa pe àìsàn yìí ní ẹ̀jẹ̀ dòjé. Ó sọ ohun tí ó wà nínú ara, kò pe ikú, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó dúró de ọ̀la. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó dára ju èyí lọ, kí ó mú un wá. Iṣẹ́ tiwa tí a ń kọ́ èdè yìí ni.

N kò fi èyí bú àwọn baba wa. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n sọ. Wọ́n rí i pé ọmọ kan náà ń wá, ó ń lọ, wọ́n sì sọ ọ́ ní Málọmọ́, wọ́n sọ ọ́ ní Dúrójayé, wọ́n sọ ọ́ ní Kòkúmọ́. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé díẹ̀ nínú àwọn tí a pè ní àbíkú, ẹ̀jẹ̀ dòjé ni ó ń pa wọ́n. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn orúkọ wọ̀nyẹn, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n, ìfẹ́ wà nínú wọn: má lọ mọ́, dúró jẹ ayé. Ọmọ náà gan-an ni a ń bá sọ̀rọ̀. Fòníkú-fọ̀ladìde kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ẹni ni a ti ń sọ ọ́. Ìdí tí ó sì fi pọ̀ láàárín wa kì í ṣe èpè. Ní 1954 ni Anthony Allison fi hàn pé ẹni tí ó jẹ́ AS ní ààbò lọ́wọ́ ibà tí ẹ̀fọn ń fà, pàápàá nígbà èwe. Níbi tí ẹ̀fọn pọ̀ sí bí ilẹ̀ tiwa, àwọn AS ni ó yè láti bímọ. Ohun tí ó dáàbò bo ọ̀pọ̀ ni ó ń ro díẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Wàyí o, báwo ni a ṣe ń bá a gbé? Omi ni àkọ́kọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ki, dòjé yóò kọ́ ara wọn. Kíndìnrín wa kì í sì í lè fa omi padà sára bó ti yẹ, nítorí náà a ń tọ̀ púpọ̀, omi sì ń tètè tán lára wa. Ẹ wá ro ti ọmọ Ìsọlọ̀ tí ó jókòó sínú dánfó láàárín oòrùn. Bí ó bá mu píọ̀wọ́tà méjì, ìtọ̀ yóò gbọ̀n ọ́n kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan. Bí kò bá mu ún, ẹsẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ lálẹ́. Mo ti yàn. Mo ń mu omi mi, mo sì ti kọ́ láti sọ fún kọ́ńdọ́kítọ̀ láìtijú pé, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ara mi kò yá, mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀." Ọ̀pọ̀ wọn ń gbọ́ ju àwọn ọ̀mọ̀wé lọ. Lẹ́yìn omi, òtútù: mo ń wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn nígbà òjò àti nígbà ọyẹ́, n kì í sì í wọ́ inú àgbàrá mọ́. Mo ń sinmi lójú àtẹ̀gùn kí ó tó rẹ̀ mí. Mo ń lo oògùn tí dókítà kọ fún mi lójoojúmọ́, mo ń sá fún ẹ̀fọn. Bí ìrora bá dé, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, aṣọ ìbora àti oògùn apàrora tí dókítà fọwọ́ sí. Omi tútù kọ́, yìnyín kọ́. Ṣùgbọ́n bí ibà bá bá a dé, tàbí tí àyà ń dùn, tí èémí kò lọ dáadáa, tàbí tí apá kan ara kò ṣeé gbé, kò sí ọ̀rọ̀ ilé mọ́.

Ẹnìkan yóò ní, "Egbòogi ńkọ́?" N kò kẹ́gàn egbòogi. Ní 1971, Abayọmi Ṣofowora àti Isaacs tẹ ìwádìí jáde tí ó fi hàn pé omi gbòǹgbò orín àta, tí àwọn àgbà wa ń rin, lè mú hóró ẹ̀jẹ̀ tí ó tẹ̀ padà bọ̀ sípò nínú ìgò àyẹ̀wò. Láti inú oògùn ìbílẹ̀ Yorùbá kan tí ó ní ìyèré, osùn, kànáfùrù àti ọkà bàbà nínú ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ti ṣe Niprisan. Àyẹ̀wò ni ó sọ wọ́n di ohun tí ayé ń gbọ́. Èyí yàtọ̀ sí ìgò kan ṣoṣo tí wọ́n ń polówó nínú ọkọ̀ Òṣòdì pé ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, lákúrègbé, àgàn àti fòníkú-fọ̀ladìde lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ọdún 1998 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí hydroxyurea fún àìsàn yìí, oògùn tí ń dín kíráísì kù, tí dókítà sì ní láti máa fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tọ́pa rẹ̀. Ní ìparí 2023, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú tuntun kan tí ń tún àbùdá inú ẹ̀jẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ju mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ. Kí ìyẹn tó dé Ìsọlọ̀, a ní ohun tí ó wà nítòsí: ilé-iṣẹ́ Sickle Cell Foundation Nigeria, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Akínyanjú àti àwọn mìíràn dá sílẹ̀ ní 1994, wà ní Ìdí-Àràbà, kò jìnnà sí wa.

Ọ̀rọ̀ mi ń lọ sópin. Nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, nǹkan bí ẹnìkan jẹ́ AS; lọ́dọọdún ni a sì ń bí ọmọ SS tí a díwọ̀n sí nǹkan bí 150,000 ní ilẹ̀ wa. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ó wà nínú yín. Òkèèrè ni olójú jíjìn ti í mẹ́kún sun: ẹ lọ mọ jẹ́nótáìpù yín kí ìfẹ́ tó wọ̀ yín lára, kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ jẹ́ SS. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní ẹsẹ̀ ń ro òun, ẹ béèrè ìwé dókítà, ó tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀rín àná díwọ̀n ìrora òní. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá rí ẹni tí ó dúró ní àárín àtẹ̀gùn Òṣòdì tí ó di orúnkún mú, ẹ má bi í bóyá òun ni ó ni afárá. Ẹ bi í bóyá ó fẹ́ omi.

Lósẹ̀ tí mo ń parí àròkọ yìí, mo kà á sí Màmá mi létí. Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin, wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n kọ orúkọ mi sí i, kí n má fi pa mọ́. Mo ti kọ ọ́ sí i. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi.